Bí Ẹ̀yìn Etí Ọmọ Bá Wú

Láti Sábó títí dé Èbúté ní Ìkòròdú níhìn-ín, bí ẹ̀yìn etí ọmọ bá wú, omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ fi ń jó o, tàbí kí wọ́n fi òrí pa á, kí wọ́n sì ra oògùn kíkán sétí ní kẹ́míìsì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Egungun ẹ̀yìn etí kì í ṣe egungun tó dì pọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀ bí afárá oyin, ó sì lójú tó já sí àárín etí, tó fi jẹ́ pé bí àrùn bá mú àárín etí tí ọyún gbára jọ síbẹ̀, ó lè wọ inú egungun náà, kí ó máa jẹ ẹ́. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 2 ló ń ṣe jù. Ara ọmọ á gbóná, kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí, etí náà á sì yọ síwájú. Pípọ́n kì í tètè hàn lára ọmọ dúdú, nítorí náà ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi etí méjèèjì wéra. Ọyún lè má jáde rárá.

Oògùn apakòkòrò bíi ceftriaxone, tí a ń fún ọmọ lójú iṣan nígbà tí a bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Dókítà elétí lè lu ihò kékeré sí ìlù etí kí ọyún lè rọ́nà jáde. Ẹ̀rù èyí máa ń ba àwọn ìyá, ṣùgbọ́n ihò náà sábà máa ń dí fúnra rẹ̀. Bí ara kò bá yá láàárín nǹkan bíi wákàtí 48, tàbí tí ọyún ti gbára jọ sábẹ́ awọ, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Bí ọmọ bá ń bì, tó ń tòògbé jù, tí gìrì mú un, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó ya àwòrán CT, ìyẹn àwòrán ẹ̀rọ tó ń fi inú orí hàn, nítorí egungun yìí kò jìnnà sí ọpọlọ, àrùn náà sì lè di yírùnyírùn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí ẹ tó gbéra, torí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà náà.

Àjẹsára PCV tí ọmọ ń gbà nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ń dènà ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kòkòrò tó ń fa àrùn yìí. Bí ọmọ bá sì ti délé, ẹ lo oògùn rẹ̀ tán, kí ẹ mú un padà wá kí a yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.