"Its" àbí "it's"? Ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì kíkọ fi ń rúni lójú

Ìbéèrè: Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ mo ṣì máa ń ṣi "its" àti "it's" kọ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Òfin tí ẹ kọ́ tẹ́lẹ̀ gan-an ló ń ṣì yín lọ́nà. Wọ́n kọ́ wa pé apostrophe, àmì kékeré tó máa ń wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ló ń fi ohun ìní hàn: "the dog's tail", ìrù ajá. Ta ni kò ní rò pé "it's tail" ló yẹ kí ìrù rẹ̀ jẹ́? Àmọ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í gba àmì yẹn. Ẹ wo "his", "hers", "ours" àti "theirs": kò sí i nínú ìkankan. Ọmọ ìyá wọn ni "its". "It is" tàbí "it has" tí a sún kì ló ń di "it's". Ojú ibi tí lẹ́tà ti jáde ni àmì náà jókòó sí.

Bó bá rú yín lójú, ẹ fi "it is" tàbí "it has" rọ́pò rẹ̀, kí ẹ ka gbólóhùn náà sókè. Bí kò bá bá a mu, ẹ yọ àmì kúrò. Ọgbọ́n kan náà ló ń ya "your" sọ́tọ̀ kúrò lára "you're". Ẹ má sì bínú sí ara yín jù: láàárín àwọn ọdún 1600, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń kọ "it's" fún ohun ìní.

Ìbéèrè: "Should of" ńkọ́?

Ìdáhùn: Etí ló tan ọwọ́ jẹ. "Should've" ni wọ́n ń sọ, ìyẹn "should have".

Ìbéèrè: Kí ni "b" ń wá nínú "debt", nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í pè é?

Ìdáhùn: "Dette" ni wọ́n yá lọ́wọ́ Faransé, láìsí "b". Àwọn ọ̀mọ̀wé ló padà fi "b" há a láàárín, torí pé "debitum" ni wọ́n ń pè é ní Látìn. Ti "island" ló dùn mí jù: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni, kò ti Látìn wá rárá, àmọ́ wọ́n so ó pọ̀ mọ́ "isle", wọ́n sì ki "s" bọ̀ ọ́. Àṣìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn, òun la sì fi ń yọ máàkì ọmọdé lónìí.

"Knight" yàtọ̀: wọ́n ń pe "k" yẹn nígbà kan rí. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé England ní 1476. Díẹ̀díẹ̀, ìwé títẹ̀ mú kí sípẹ́lì dúró sójú kan. Ẹnu àwọn èèyàn kò dúró.

Ìbéèrè: "Color" àbí "colour"?

Ìdáhùn: Méjèèjì tọ̀nà. Ìwé atúmọ̀ èdè tí Noah Webster gbé jáde ní 1828 wà lára ohun tó fìdí "color" múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣáà má kọ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan.