Ibi tí orúkọ Crowther ti ṣẹ̀, àti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Àjàyí

Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń gbọ́ nípa Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, débi pé Crowther ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ Yorùbá létí wa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣẹ̀, kò wọ́pọ̀ bíi Smith tàbí Jones. Iṣẹ́ orin ló bí i. Àwọn ará Wales ní ohun èlò orin kan láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní crwth. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní crowth tàbí crowd. Ọrun ni wọ́n fi ń fà á bíi gòjé, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tó pẹ́ jù láyé ní okùn mẹ́fà: mẹ́rin gba orí ọrùn rẹ̀, méjì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àtàǹpàkò lè máa ta wọ́n. Ẹni tó ń fi í ṣeré níbi àsè ni crowther. Àwọn tó ń jẹ́ Crowder náà, ibì kan náà ni orúkọ tiwọn ti wá.

Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ti ìdílé. Bí bàbá bá jẹ́ eléré tí ọmọ sì di alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ni wọn yóò fi pè é. Lẹ́yìn tí àwọn Norman, tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Faransé, gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ mú orúkọ ìdílé nítorí ogún ilẹ̀, mẹ̀kúnnù sì ń tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń gba owó orí ní 1377, 1379 àti 1381, akọ̀wé ní láti mọ John kan yàtọ̀ sí John kejì nínú abúlé kan náà. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1400, orúkọ bàbá ti ń bá ọmọ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, yálà ọmọ mọ orin tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti yàtọ̀ sí Àyàn tiwa nìyẹn. Ilé onílù a máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Àyàn tirẹ̀, Àyàndélé níbí, Àyánwálé lọ́hùn-ún, ìlù sì ń bá orúkọ náà rìn. Crowther kò béèrè bóyá o lè ta okùn kankan.

Ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, ní agbègbè Huddersfield àti Halifax, ni orúkọ yìí pọ̀ sí jù. Orí òkè ni ibẹ̀, oko kéékèèké ni wọ́n ń dá, wọ́n sì ń hun aṣọ irun àgùntàn nínú ilé. Nítorí náà, ọmọkùnrin kò ní láti lọ jìnnà kó tó rí oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n dúró, wọ́n sì ń bí sí i. Níbòmíràn, bí ọkùnrin kan bá bí kìkì obìnrin, orúkọ rẹ̀ parí síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Francis Galton àti Henry Watson, ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ní 1874, wọ́n sì fi hàn pé orúkọ lè pa run láìjẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn tàbí ogun kankan wáyé.

Ohun tó gbé Crowther kúrò ní Yorkshire kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn. Ní 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther kan, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Newgate, Lọ́ńdọ̀nù, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Irú rẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ní kí wọ́n fi orúkọ wọn pe ọmọ kan ní Freetown. Asano, tó wá di ìyàwó Àjàyí, ni wọ́n sọ di Susan Thompson. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó pa wọ́n pọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni orúkọ wọ̀nyẹn.

Lọ́dún 1825 yẹn kan náà, ọmọdé kan tó ń jẹ́ William Crowther bá àwọn òbí rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Hobart ní Tasmania, ó sì di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 1878. Ti ẹni yẹn, bàbá ló bí i sínú orúkọ.

Àyẹ̀wò DNA lè ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé ọ̀dọ̀ bàbá nìkan ni ọkùnrin ti ń gba kírómósómù Y, ìyẹn apá DNA tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ìwádìí tí Yunifásítì Leicester gbé jáde ní 2009 fi hàn pé nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú ọkùnrin mẹ́wàá tó ń jẹ́ Attenborough ló ní irú Y kan náà. Ti àwọn Smith kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abúlé kan ni Attenborough ti wá, Smith sì wà níbikíbi tí wọ́n ti ń rọ irin. Ó dà bí ẹni pé ti Smith ni Crowther máa sún mọ́, torí pé eléré kì í wà ní ìlú kan ṣoṣo. Ní ti àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ìran Bíṣọ́ọ̀bù, Y Ọ̀ṣoogùn ló wà lára wọn.

Òfin ọmọkùnrin yìí kan náà ló ṣiṣẹ́ nínú ilé Bíṣọ́ọ̀bù. Abigail ọmọ rẹ̀ fẹ́ Thomas Babington Macaulay, wọ́n sì bí Herbert Macaulay, ògúnná gbòǹgbò nínú ìṣèlú Èkó. Ọmọ ọmọ Crowther ni, síbẹ̀ Macaulay ló ń jẹ́. Dandeson Coates Crowther, tó jẹ́ ọmọkùnrin, ló gbé orúkọ náà lọ sí agbègbè Niger Delta. Dandeson Coates tó ṣíwájú nínú orúkọ rẹ̀, akọ̀wé CMS kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni í.