Triage: Ìdí Tí Ẹni Tó Dé Kẹ́yìn Fi Lè Kọ́kọ́ Rí Dókítà

Bí ẹ bá ti jókòó rí ní yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn, irú nǹkan yìí á ti bí yín nínú: ẹ ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ẹnì kan wọlé lọ́sàn-án, kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi pè é. Kì í ṣe pé ó mọ èèyàn nínú. Triage ló ṣiṣẹ́.

Triage ni yíyẹ aláìsàn wò bó bá ṣe ń dé, láti mọ ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ kò ṣeé fi falẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe é kò tíì máa wá orúkọ àìsàn yín. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀ fún wákàtí kan, ṣé bí ẹ ṣe wà náà ni wọ́n á tún ṣe bá yín? Ojú ogun ni ètò yìí ti wá. Dominique Jean Larrey, dókítà àwọn ọmọ ogun Napoleon, ló ní kí wọ́n máa fi bí ọgbẹ́ ṣe le tó tọ́jú èèyàn, ì báà jẹ́ ọ̀gágun, ì báà jẹ́ ṣọ́jà lásán.

Lójú aláìsàn, ó lè dà bíi pé wọ́n kàn ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì á há ẹ̀rọ kékeré mọ́ yín níka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, á wọn ìfúnpá, á wo bí ara ṣe gbóná tó. Á di ọrùn ọwọ́ yín mú bí ẹni tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì lè jẹ́ pé èémí yín ló ń kà, torí ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun kì í mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tó jókòó jẹ́ẹ́, máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti ń sún mọ́ 30, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tí kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí hẹlẹ, wọn kì í jẹ́ kó sọ èkejì kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún yín ní ìpele. Ètò wọn kò dọ́gba níbi gbogbo, àmọ́ èyí tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìlú Manchester nílẹ̀ England bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1994 ti tàn kálẹ̀. Àwọ̀ márùn-ún ni: pupa kò gbọdọ̀ dúró rárá, àwọ̀ ọsàn lè dúró fún ìṣẹ́jú 10, yẹ́lò 60, àwọ̀ ewé 120, búlúù 240. Ohun tí wọ́n ń lépa nìyẹn o, wọn ò ṣèlérí. Nígbà tí èrò bá kún, gbogbo pupa tó bá ń wọlé ló ń ti àwọ̀ ewé àti búlúù sẹ́yìn. Àǹbúláǹsì ò sì ní kẹ́ ẹ fo ìlà. Ẹni tí wọ́n fi gbé wá náà á gba triage.

Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi èrò yìí ru ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń dí yàrá náà pa jù ni ẹni tí dókítà ti rí, tí wọ́n ti ní kó sùn sí ilé ìwòsàn, àmọ́ tí kò sí bẹ́ẹ̀dì fún un ní wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ náà ló máa wà, àwọn nọ́ọ̀sì kan náà lá sì máa tọ́jú òun àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn kò gba bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ló ń fìyà jẹ: ó fi gbogbo ọjọ́ jókòó sórí àga nítorí oògùn tí apòògùn ì bá fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ apòògùn ni kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tó ti pẹ́ lára, dókítà tó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀ ló ni ín. Ẹ sì gba oògùn ojoojúmọ́ yín kí ti ọwọ́ yín tó tán, pàápàá bí ọdún bá ń bọ̀.

Àwọn àmì àìsàn kan wà tí kò yẹ kéèyàn tìtorí èrò dúró sílé bó bá rí wọn. Àyà tó ń dunni bíi pé wọ́n gbé ẹrù lé e, ojú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tó kọ̀ tí kò gbé sókè, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, gìrì tí kò dáwọ́ dúró, ọmọ tí ẹ ń jí tí kò jí: ẹ pe nọ́mbà pàjáwìrì. Bó bá jọ àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ wo aago kẹ́ ẹ lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ẹni tó ní òun ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu lóru, bó bá fi máa dé láàárọ̀, ó lè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọ̀ tí wọ́n fún yín lè yí padà. Bí ìrora bá le sí i, bí èémí bá ń kúrú, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má jókòó de ìgbà tí wọ́n á pè yín. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ara yín ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà nígbà tó yẹ̀ yín wò. Á tún un ṣe. Ẹ mú orúkọ àwọn oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n kẹ́ ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun, torí bó bá lọ di iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń fẹ́ kí inú ṣófo.