Owó ófátáìmù fún òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà

Owó ófátáìmù ni owó àfikún tí òfin Fair Labor Standards Act ti ọdún 1938 ní kí agbanisíṣẹ́ san fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé yóò gba owó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ilé oúnjẹ tó bá ń tajà tó dọ́là 500,000 lọ́dún wà lábẹ́ òfin yìí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró ni: ẹni tó ṣe wákàtí 50 lọ́sẹ̀ yìí, tó wá ṣe 30 lọ́sẹ̀ kejì, ti ní ófátáìmù wákàtí 10.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ni ìṣirò ti máa ń dàrú jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí ọ̀gá san dọ́là 2.13 fún wọn ní wákàtí kan, kí tíìpù, ìyẹn owó ọwọ́ tí oníbàárà ń fún wọn, sì fi 5.12 dí i kó lè pé 7.25, tí í ṣe owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ láti 2009. Tó bá wá di ófátáìmù, àwọn ọ̀gá kan a mú 2.13 yẹn, wọ́n a fi ìdajì rẹ̀ kún un, wọ́n a san 3.20. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí 7.25 ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀: òun àti ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10.88, ẹ yọ 5.12 kúrò, ó ku 5.76 tí yóò ti àpò ọ̀gá jáde. Ní California, kò sí pé tíìpù ń dí owó iṣẹ́ rárá, ófátáìmù sì ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 8 lóòjọ́.

Pé owó ẹnìkan dúró lójú kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin. Máníjà tí kò ní gba ófátáìmù gbọ́dọ̀ máa gba dọ́là 684 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí àbójútó jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀, kó sì ní tó òṣìṣẹ́ méjì lábẹ́. Alásè tí wọ́n sọ ní igbákejì máníjà, àmọ́ tó ń dín ẹran látàárọ̀ dalẹ́, ṣì ní ẹ̀tọ́ sí i.

Wákàtí tó máa ń sọnù jù ni ti títo tábìlì kí wọ́n tó kọ orúkọ sílẹ̀, ìfọmọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, àti ìsinmi oúnjẹ ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n yọ lówó ẹni tí kò jókòó rárá.

Ó dára kí òṣìṣẹ́ máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wage and Hour Division, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó iṣẹ́, ló ń gba ẹ̀sùn, lórí 1-866-487-9243. Èèyàn sì lè lọ ilé ẹjọ́. Ọdún 2 ni òfin fi sílẹ̀ láti pe ẹjọ́, 3 bí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, gbèsè náà sì lè di ìlọ́po méjì. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ torí ẹ̀sùn lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú náà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó wákàtí tó ti ṣe.