Embankment: òkìtì tó gbé ojú irin, tó sì lè di dáàmù

Rélùwéè kò fẹ́ràn òkè rárá. Irin ló ń yí lórí irin, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fi lè fa ẹrù rẹpẹtẹ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá fi mítà 1 péré ga sókè láàárín mítà 100, agbára tó máa fi fa ẹrù kan náà lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Nítorí náà, ibi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n á gbẹ́ ẹ wálẹ̀. Ibi tó bá rì, wọ́n á rọ erùpẹ̀ sí i, wọ́n á máa kì í mọ́lẹ̀ nípele nípele títí á fi bá ìyókù dọ́gba. Òkìtì gígùn yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní embankment. Bí ẹ bá wọ rélùwéè láti Idu ní Àbújá lọ sí Rigasa ní Kàdúná, ẹ yọjú lójú fèrèsé: níbi tí ẹ bá ti ń wo orí igi oko láti òkè, orí embankment lẹ wà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lókè, erùpẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, koríko sì ń bá wọn di erùpẹ̀ náà mú.

Ẹ̀bá odò sábà máa ń dẹ ojú irin lọ́rùn, torí omi ti bá wọn wá ibi tí ilẹ̀ ti rọra ń lọ sílẹ̀. Etí odò Ọya, ní Baro, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin Kánò ní 1907. Èyí tó wá láti Èkó gba Jẹ́bà sọdá odò Ọya, lórí afárá tí wọ́n parí ní 1916, ó gba Mokwa, ó sì dé Zungeru létí odò Kàdúná. Àwọn kan rò pé ojú irin tó bá ń bá odò lọ ti bọ́ lọ́wọ́ omi. Ó tì o. Gbogbo odò kéékèèké tó ń sáré lọ bá odò ńlá ló máa já lu òkìtì yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ihò gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ihò náà ni kọ́fáàtì.

Bí kọ́fáàtì bá dí, òkìtì ti di dáàmù nìyẹn. Ẹ mọ onílé tó di gọ́tà pa kí mọ́tò rẹ̀ lè ríbi wọlé, tí ilé aládùúgbò wá ń mu omi: ọ̀rọ̀ kan náà ni, àfi pé ti ojú irin ga ju ènìyàn lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mokwa, ní Ìpínlẹ̀ Niger, nìyẹn, níbi tí àwọn oníṣòwò láti gúúsù ti ń ra ẹ̀wà àti àlùbọ́sà. Ojú irin àtijọ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá. Pàǹtírí ti dí àwọn kọ́fáàtì rẹ̀, omi ń kó jọ sẹ́yìn òkìtì fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òjò ńlá wá rọ̀ mọ́júmọ́ 29 oṣù May, 2025. Òkìtì ya. Ó lé ní 200 ènìyàn tó bá a lọ.

Ẹni tó kọ́ dáàmù máa ń fi ojú ọ̀nà tí omi àpọ̀jù á gbà jáde sílẹ̀. Embankment ò ní irú rẹ̀. Bí omi bá ti gba orí rẹ̀ kọjá, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán erùpẹ̀ apá ìsàlẹ̀ lọ, tí ihò á fi máa gbòòrò, tí omi ọjọ́ púpọ̀ á sì dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Sí mi, ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ ló tiẹ̀ léwu jù, torí kò sẹ́ni tó ń rántí lọ kó ìdọ̀tí inú kọ́fáàtì rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ nítòsí ojú irin, ní Minna tàbí ní Kubwa, kó kọ́kọ́ wá ẹnu kọ́fáàtì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Kó wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti òdìkejì, kó sì bi àwọn ará àdúgbò bí omi ṣe máa ń ga tó lára òkìtì náà nínú oṣù August àti September.