Agbára ìpinnu eléré nínú eré ìkópa orí tábìlì

Agbára ìpinnu eléré ni bí ìpinnu ẹni tó ń ṣeré ṣe lè yí ìtàn padà tó nínú eré ìkópa orí tábìlì, irú eré tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí RPG. Ènìyàn mélòó kan a jókòó yí tábìlì ká; adarí eré a ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n wà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, eléré kọ̀ọ̀kan a gbé ẹ̀dá ìtàn kan wọ̀, a sì sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe. Bí kò bá dájú pé ohun náà yóò bọ́ sí i, wọn a ju dáìsì. Ẹni tó ń ta ayò kò lè mú ju ọ̀kan nínú ihò mẹ́fà tó wà níwájú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú eré yìí, ohunkóhun tí ẹnu lè sọ, tó sì bá ìtàn mu, ni eléré lè dá lábàá. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti wọlé, nítorí pé adarí nìkan ló sábà máa ń ní àṣẹ láti sọ ibi tí àbá náà yọrí sí.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà nínú eré tí àwọn ọmọ ogun Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, fi ń kọ́ iṣẹ́ ogun. Ní 1824, Georg von Reisswitz gbé òfin eré Kriegsspiel jáde, nínú èyí tí rẹfirí ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ikọ̀ méjèèjì, tó sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ogun. Òfin wọ̀nyí pọ̀ débi pé wọ́n ń fa eré sẹ́yìn, nítorí náà ní 1876 Julius von Verdy du Vernois dábàá pé kí a pa ọ̀pọ̀ wọn tì, kí làákàyè rẹfirí tó jẹ́ ológun onírìírí máa dájọ́. Ní 1969, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, David Wesely pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ síbi eré ogun kan tó gbé ka ìlú àròsọ tó ń jẹ́ Braunstein, ó sì pín ipa oríṣiríṣi fún wọn. Wọn kò dúró de ogun: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìtẹ̀ mọ́ ara wọn, àwọn méjì tilẹ̀ ní àwọn fẹ́ wọ̀yá ìjà, ohun tí Wesely kò ṣe òfin kankan fún. Ó rò pé eré náà ti bàjẹ́, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn ṣì fẹ́ sí i. Dave Arneson, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, mú ọ̀nà yìí wọ inú eré tirẹ̀, Blackmoor; ní 1974, òun àti Gary Gygax gbé eré ìkópa tó ń jẹ́ Dungeons & Dragons jáde, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. A lè sọ pé àwọn eléré ti gba òmìnira kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀.

Ìpinnu kò lágbára bí kò bá ní àbájáde, ìyẹn hàn sí gbogbo ènìyàn. Ohun tí a sábà máa ń gbàgbé ni ìmọ̀. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ ń ṣe eré tí àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn jẹ́ ọdẹ tó ń wá ọmọ ọba tó sọnù lórí òkè Ìdànrè. Adarí sọ fún wọn pé ọ̀nà méjì ló wà: àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tí tẹrútọmọ ń gbà, àti ipa ẹsẹ̀ kan nínú igbó lẹ́yìn àpáta. Bí ó bá dákẹ́ síbẹ̀, ohun tí àwọn eléré yàn kò yàtọ̀ sí kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Bí ó bá fi kún un pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lórí àtẹ̀gùn, pé òjò àná sì ti mú kí ojú àpáta máa yọ̀, nígbà náà ni wọ́n tó ní ohun tí wọn yóò fi gbèrò. Ẹni tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ lè fẹ́ lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ti ṣẹ ẹ̀ṣọ́ níbòmíràn lè ní igbó ni òun yóò gbà.

Àwọn adarí kan máa ń gbé ẹ̀ṣọ́ kan náà síwájú àwọn eléré, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé eléré kò mọ̀, pé ìgbádùn rẹ̀ kò dín, àti pé kò yẹ kí ìran tí adarí fi ọjọ́ púpọ̀ múra sílẹ̀ ṣòfò. Àwọn alátakò sọ pé lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, gbogbo ìpinnu àtẹ̀yìnwá yóò di yẹpẹrẹ. Èrò kejì yìí ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù níbi tí eléré ti mọ ohun tó ń yàn: bí ó bá gba igbó kí ó má baà pàdé ẹ̀ṣọ́, tí ẹ̀ṣọ́ sì tún yọ sí i níbẹ̀, èrè làákàyè rẹ̀ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí kò ti mọ nǹkan kan nípa ọ̀nà méjèèjì, ohun tí ẹ̀tàn náà jí kò tó nǹkan. Èyí kò sì túmọ̀ sí pé ìtàn tó ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo burú, bí gbogbo tábìlì bá ti jọ fẹnu kò sí i.

Àwọn eré kan pín àṣẹ náà lọ́nà mìíràn. Fiasco, tí Jason Morningstar gbé jáde ní 2009, kò ní adarí rárá. Nínú Apocalypse World ti Vincent Baker àti Meguey Baker, tó jáde ní 2010, òfin kọ̀ fún adarí láti pinnu ibi tí ìtàn yóò já sí ṣáájú, adarí náà kì í sì í ju dáìsì. Eléré ló ń ju dáìsì méjì: 10 sókè jẹ́ àṣeyọrí, 7 sí 9 jẹ́ àṣeyọrí tó ní ohun tí yóò náni, 6 sísàlẹ̀ sì fún adarí láyè láti mú ìṣòro wọlé.

Eléré tó lẹ́nu jù lè gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́ bíi ti adarí. Ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, bí adarí bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò lè máa dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tẹ́ ẹ bá ní ká gbà náà la ó gbà,” kí ó má baà dà bíi pé ó ń jiyàn, ìtàn yóò sì di ti ẹnì kan ṣoṣo láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ṣèrànwọ́ bí adarí bá fi orúkọ ẹ̀dá ìtàn pe eléré kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ́kọ́ bi ẹni tó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tún máa ń jókòó sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nípa ohun tí wọn kò fẹ́ kó wọ inú ìtàn. Òfin mìíràn tó wọ́pọ̀ ni pé adarí lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá ìtàn, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ẹ̀dá náà rò tàbí bí ó ṣe rí lára rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ti dì í léèdì nínú eré.