Ẹ Wo Gbọ̀ngàn Kí Ẹ Tó Gé Ẹ̀ka: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpàtẹ Ikebana Ládùúgbò

Bí ọjọ́ ìpàtẹ bá ti ń sún mọ́lé, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń kọ́kọ́ bi mí ni irú òdòdó tí ó yẹ kí wọ́n rà. Èmi náà a sì bi wọ́n padà pé: níbo gan-an ni ẹ ó gbé e kalẹ̀ sí? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ikebana rí, iṣẹ́ ọnà títo òdòdó àti ẹ̀ka igi tí àwọn ará Jàpáànì ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Èyí tí ó gún régé nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lè di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò mọ́ nígbà tí a bá gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Inú tẹ́ńpìlì àti ilé àwọn ọlọ́lá ni iṣẹ́ yìí ti gbèrú. Àkọsílẹ̀ kan láti ọdún 1462 sọ nípa Ikenobo Senkei, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ní tẹ́ńpìlì Rokkakudo ní ìlú Kyoto, pé òdòdó tí ó tò mú kí àwọn olùfẹ́ ẹwà ní ìlú náà máa dù láti wá wò ó. Nígbà tí ó yá, òdòdó rí àyè tirẹ̀ nínú tokonoma, ìyẹn kọ̀rọ̀ kékeré kan nínú yàrá àlejò, tí ilẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ga díẹ̀ ju ti yàrá lọ. Ìjókòó ni àlejò fi ń wò ó, lórí ẹní tatami. Iwájú nìkan ni ó ti ń wò ó, ògiri sì wà lẹ́yìn òdòdó náà. Ojú ẹni tí ó jókòó yìí ni a ṣe púpọ̀ nínú òfin tí a ń kọ́ títí di òní fún.

Gbọ̀ngàn àdúgbò ní Jàpáànì, tí wọ́n ń pè ní kominkan, kì í ṣe tokonoma rárá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1946, ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ìlú láti dá a sílẹ̀, òfin ètò ẹ̀kọ́ ará ìlú ti ọdún 1949 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ó lé ní 10,000 irú rẹ̀ tí ó wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Òfin kan náà kò jẹ́ kí kominkan máa ṣòwò èrè, tàbí kí ó gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹ̀sìn kan, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni wíwọlé wòran sábà máa ń jẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà, àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àti ọ̀dọ́ díẹ̀ ti ń pàdé láti kọ́ òdòdó títò, wọn a sì pàtẹ iṣẹ́ wọn nígbà bunkasai, àjọ̀dún àṣà tí ó sábà máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, Ọjọ́ Àṣà ní Jàpáànì. Ẹgbẹ́ ayàwòrán, àwọn amọ̀kòkò àti àwọn tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé ni wọ́n jọ ń pín gbọ̀ngàn náà. Ariwo wà, ọmọdé ń sáré, ẹnìkan sì ń se núdùlù gbígbóná ní ìta.

Ojú ẹni tí ń kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Inú ọjà ni ọ̀rọ̀ ìpàtẹ tí a ń lò yìí ti wá: ìyá tí ó pa àtẹ tòmátì mọ̀ pé láti òkè ni oníbàárà yóò ti máa wò ó, ìdí nìyẹn tí èyí tí ó pọ́n dáradára fi ń wà lókè. Nínú gbọ̀ngàn, ìdúró ni àwọn ènìyàn fi ń wòran. Ẹ wo moribana, irú èyí tí Ohara Unshin dá sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Inú àwo fífẹ̀ tí kò jìn ni a ń tò ó sí, omi inú àwo náà sì jẹ́ ara ẹwà rẹ̀, bí ẹni pé etí adágún ni a dúró sí. Bí tábìlì bá ga jù, omi kò ní hàn, ohun tí yóò sì kù kò ju ìdì ewé lọ. Tábìlì tí ó ga tó nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà máa ń tó fún un. Ti shoka, irú títò mìíràn, yàtọ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń jáde nínú omi bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Ẹ gbé e sókè sí i, kí ojú lè rí ẹsẹ̀ náà láti iwájú. Lẹ́yìn èyí, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wo gbogbo rẹ̀ láti ibi tí ojú ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí ti ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ mọ.

Ẹ̀yìn òdòdó ló kàn. Ìpàtẹ mi àkọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa èyí, nítorí iwájú ilẹ̀kùn onígíláàsì ni mo gbé iṣẹ́ mi sí, mo sì rò pé ìmọ́lẹ̀ yóò bù kún un. Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀-oòrùn, gbogbo ẹ̀ka náà di dúdú bí èédú, àwọn kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n tò sí ìta ló sì ń hàn láàárín wọn. Ògiri tí kò ní àwòrán ni ó dára jù. Bí ìwé ìkéde bá kún ara ògiri, ẹ fi aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo bò ó, tàbí kí ẹ ya byobu, ìgànná tí ó ṣeé ká, lọ́wọ́ gbọ̀ngàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e sí àárín ilé, ẹ tò ó kí ó lójú níhà gbogbo, nítorí àwọn ènìyàn yóò yí i ká bí ẹ tilẹ̀ fi okùn dí wọn lọ́nà.

Ní ti ìwọ̀n, ìlànà Sogetsu, ilé ẹ̀kọ́ ikebana tí Teshigahara Sofu dá sílẹ̀ ní 1927, ni mo ń tẹ̀ lé. Bí àwo bá fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì jìn ní 6, a ó ro méjèèjì pọ̀ sí 36, a ó fi ìdajì rẹ̀ kún un, yóò di 54. Ìyẹn ni gígùn shin, ẹ̀ka àgbà. Soe, tí ó tẹ̀ lé e, yóò jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin shin, bí 40 sẹ̀ǹtímítà. Hikae yóò sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin soe, bí 30. Ìwọ̀n yìí tó fún yàrá, ṣùgbọ́n lábẹ́ àjà gbọ̀ngàn tí ó ga, ó máa ń dà bí ọmọ tí ó sọnù sínú ọjà. Ìlọ́po méjì 36 yẹn ni èmi ń lò níbẹ̀, tí shin yóò fi tó 72. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ fi ọ̀pọ̀ òdòdó dí àyè nítorí pé ilé tóbi. Àyè òfìfo tí ó wà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì, tí wọ́n ń pè ní ma, ni ó ń jẹ́ kí a rí ẹ̀ka náà.

Ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàtẹ ni a ń ṣe ikekomi, ìyẹn títo òdòdó síbi tí yóò ti wà. Nílé ni kí ẹ ti gé ìdí igi òdòdó nínú omi, kí afẹ́fẹ́ má baà dí ihò tí omi ń gbà gòkè, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mumi yó mọ́jú. Òfìfo ni kí ẹ gbé àwo lọ sórí tábìlì. Ẹ̀yìn tí ẹ bá tò ó tán ni kí ẹ bu omi sí i, nítorí kò sí ẹni tí ó ń gbé àwo pẹlẹbẹ tí omi kún kọjá gbọ̀ngàn tí kò ní da díẹ̀ sílẹ̀. Kí omi bo kenzan, irin wúwo tí abẹ́rẹ́ ṣóńṣó kún orí rẹ̀, pátápátá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìpàtẹ àdúgbò ti ń kùnà kò sí nínú títò. Ìtọ́jú ni wọn kì í rántí. Ìpàtẹ àwòrán lè dúró fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òdòdó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pín ara yín sí iṣẹ́, kí ẹni méjì máa dé kí ilẹ̀kùn tó ṣí, láti bu omi kún àwo, láti já ewé tí ó ti rọ, àti láti fi òdòdó tuntun rọ́pò èyí tí ó ti wọ̀. Nítorí náà, ẹ fi àfikún sínú korobá omi níbi tí ó tutù. Nínú oṣù Kọkànlá, ẹ̀rọ amúlé-móoru máa ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ sì ń pa òdòdó kíákíá ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ wá ibi tí atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí, kí ẹ yẹra fún un. Ẹ yẹra fún èso pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ máa ń pàtẹ ápù nígbà bunkasai, àwọn olùṣètò a sì rò pé òdòdó yóò bá a mu. Afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní ethylene ń jáde lára èso tí ó pọ́n, òdòdó tí ó bá sì wà nítòsí rẹ̀ yóò tètè rọ. Ní ti ìtànná lílì, ẹ yọ àwọn orí tí ìyẹ̀fun wọn pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ kí ó tó balẹ̀ sára kimono ẹnikẹ́ni, nítorí àbàwọ́n rẹ̀ kì í tètè lọ.

Bí ilé ìwòsàn bá ni ibi tí a fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba òdòdó láàyè, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í gbà á. Ẹ má sì lo tsubaki níbẹ̀. Odindi ni òdòdó yìí ń já bọ́, bí orí tí a bẹ́, àwọn ará Jàpáànì kì í sì í gbé e lọ kí aláìsàn.

Ìwé pélébé tí ó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ẹni tí ó tò ó, àti orúkọ àwọn igi àti òdòdó inú rẹ̀. Ẹ kọ èyí tí ó kẹ́yìn yìí gàdàgbà, nítorí ohun tí òǹwòran ń béèrè jù lọ ni “Irú igi wo nìyí?” Àwọn kan máa ń fẹ́ kọ “Ẹ má fọwọ́ kàn án” sí ibi gbogbo. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí a tẹ́ tábìlì kan sí igun, pẹ̀lú àwo kékeré, òdòdó kiku díẹ̀ àti àlùmọ́gàjí, kí ọmọdé lè dán an wò lábẹ́ ojú àgbà. Ọwọ́ tí ó bá ti ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ kì í sábà yọ àwọn yòókù lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ fi ìwé ìròyìn wé òdòdó tí ó ṣì lẹ́mìí, kí ẹ fún àwọn tí ó wá ṣe ìbẹ̀wò kẹ́yìn. Ẹ da omi sínú korobá, ẹ ka kenzan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tí ó bá ṣubú sábẹ́ tábìlì yóò gún ẹsẹ̀ ẹnìkan lọ́la, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nu ilẹ̀ kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.